Aṣọ Tí Mo Gé Lórí Òfì

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí a di ojú wa kí a gbàdúrà. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú yàrá àlejò mi ní Èsìẹ́: èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ mi obìnrin tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, àti obìnrin tó jẹ́ àbúrò olóògbé ìyàwó mi. Aago ara ògiri ni mo tẹjú mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ àkókò náà. Kò sí ohun mìíràn nínú yàrá yẹn tí mo fẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé ni. Ìjọ wọn ló rán an lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀, tí yóò sì kó o níjàánu, kí àárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lè gún. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo jẹ́ kí bàbá wa tó gbà pé oko kò ní sá lọ bí mo bá lọ sí ilé ìwé, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo sì fi kọ́ bí a ṣe ń kàwé láìkólòlò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ mẹ́ta mọ gbogbo ohun tó wà nínú ọmọ ènìyàn, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Ó mú un wá sí ilé mi. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí wa, bí awakọ̀ tó ń fi ìwé ọkọ̀ han ọlọ́pàá.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà kò kí aládùúgbò rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, nítorí ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá. Ewúrẹ́ náà ti kú. A ti wú gbágùúdá ibẹ̀, a tún gbìn ín, a tún wú u, a kò mọ iye ìgbà mọ́. Àwọn méjèèjì ṣì ń kọjá lára wọn bí ẹni tí kò ríran. Òun ni ó wá tún inú èmi àti ọmọ mi ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ kò ṣòro láti sọ. Nínú agbolé tiwa, bí obìnrin bá fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ni ó máa ń wá. Wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò wẹ ọmọ, wọn yóò bọ́ ọ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ó pé ọdún méjì tí ìyá ọmọ mi ti kú, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ọmọ í wẹ̀. Ilé mi ń bẹ, ó ṣófo. Ọmọ mi ní òun kò wá. Ó ní òun yóò lọ bímọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ òun ní Òrò-Àgọ́, àti pé bí òun bá bímọ tán, òun kò rí ohun tí òun àti ọmọ òun yóò máa wá ṣe nínú ilé tí mo wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Òrò-Àgọ́ mọ̀ pé ènìyàn kì í gbé oyún oṣù méje gba ibẹ̀ nítorí fàájì. Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyẹn ọjọ́ kejì, ni ó fẹ́ wọkọ̀. Òun nìkan ni mo bí. Bí ọkọ̀ yẹn bá gbéra bí nǹkan ṣe wà, ènìyàn méjì ni yóò gbé kúrò lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo ṣe fún un ni pé mo gé aṣọ ìyá rẹ̀ lórí òfì, mo sì sun ún.

Ìyàwó mi a máa hun aṣọ. Òfì obìnrin ni tirẹ̀, èyí tí a ń gbé ti ògiri, tí ẹni tó ń hun ún yóò jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ó wà. Nígbà tí a fa ọmọ wa fún ọkọ, kò tíì pé oṣù kan tí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ tí yóò fi pọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lóyún rẹ̀. Mo ní kí ló ń lé e. Ó ní ohun tó ń lé òun kò kàn mí. Ó ti hun ún tó apá kan kí àìsàn tó dá a dúró. Nígbà tí a sin ín, aṣọ náà wà lórí òfì bí ó ṣe fi í sílẹ̀.

Àwọn tó wá kí mi kò jẹ́ kí aṣọ náà simi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò kọ́kọ́ lọ fọwọ́ pa á lára, kí ó tó fi igbe ta. Àwọn mìíràn ké ju bí wọ́n ṣe ké nígbà tí ìyá tiwọn kú. Mo jókòó sórí àga, n kò sunkún. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ sókè, pé ọkùnrin yìí, ọkàn rẹ̀ le bí ère òkúta. Ní Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta ìlú wa ti lókìkí, ẹni tó bá sọ ìyẹn rò pé òun ti ṣe àwàdà ńlá.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, gbogbo ẹkún tán, oníkálukú padà sí ilé rẹ̀. Ọmọ mi dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àbúrò ìyàwó mi, tí òun náà jẹ́ ahunṣọ, ń wá lójoojúmọ́, iwájú òfì náà ni ó sì ń jókòó sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lọ sí oko, mo kọjá lára òfì, mo sì rí i pé aṣọ náà ti gùn sí i.

Ìlà mẹ́ta ni. Ìyàwó mi a máa gbá òwú wọlé títí kò fi ní rọrùn fún omi láti gba ibẹ̀ kọjá. Ìlà mẹ́ta yìí rọ̀, wọ́n ya síra wọn bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹnìkan ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú iṣẹ́ òkú. Mo yọ àdá, mo gé gbogbo rẹ̀, ti ìyàwó mi àti ti ẹni yòókù. Mo fọ́ igi òfì náà, mo kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dáná sí i. Kí n má parọ́: ara tù mí bí ó ṣe ń jó.

Ọmọ mi ti ọjà Òmù-Àrán dé ní ọ̀sán, ó bá eérú. Ó bi mí pé, "Ta ló sun òfì ìyá mi?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó di ẹrù rẹ̀.

Ó dá mi lójú pé àbúrò ìyàwó mi ni ó hun ìlà mẹ́ta yẹn. N kò bi í. Bí mo bá sọ ọ́ jáde, n ó dójú ti obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà mo gbé e mì. Mo pe ìyẹn ní sùúrù. Fún ọdún méjì, bí obìnrin náà bá kí mi, mo ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì, ó sì rò pé ikú ẹ̀gbọ́n òun ni ó sọ mí di bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹ kú alẹ́, àlàáfíà ni, ó dàárọ̀. Àwọn mìíràn máa ń sọ̀rọ̀. Èmi máa ń fi iṣu ránṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí Òmù-Àrán, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, n ó di iṣu mẹ́wàá sí i. Ó ń gba iṣu náà. Kò fìgbà kan sọ bóyá ó dùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi gba ìwé ẹ̀rí.

Lẹ́yìn àdúrà, ó pín ìwé kan fún wa. Àwòrán ojú mẹ́jọ wà nínú rẹ̀: èyí ń rẹ́rìn-ín, èyí ń sunkún, èyí fajúro, èyí la ẹnu bí ẹja. Ó ní kí kálukú wa fi ìka lé ojú tó jọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Àbúrò ìyàwó mi yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kò sí èyí tó wé gèlè nínú gbogbo wọn. Ṣé àwọn obìnrin kì í bínú ní Ìlọrin ni?"

"Ìyá wa, ẹ mú èyíkéyìí."

"Èyí tó la ẹnu yìí, kí ló ṣe é? Ṣé ebi ni?"

"Ìyàlẹ́nu ni, ìyá wa."

"Hẹn-ẹn. Ẹ fi mí sí ti ebi."

Ọmọ mi fi ìka lé èyí tó fajúro, kò wò mí. Ó kàn mí. Mo fi ìka lé ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ìwé, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. "Àbúrò, ìyẹn kì í ṣe ojú. Àmì ìjọ wa nìyẹn."

"Òun náà ni mo mú."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí inú bá fẹ́ bí ènìyàn, kí ó fa èémí wọlé, kí ó ka oókan dé ẹẹ́wàá. Òun náà fa èémí, ó ń kà á sókè kí a lè rí bí a ṣe ń ṣe é. Ó ka ẹẹ́fà, fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ọkà sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé rédíò. Ìgbómìnà bàbá wa ni ó bọ́ sí i lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ èébú: ṣé orí obìnrin náà pé, ṣé òun ni òun gbé kọ́kọ́rọ́ mì, ṣé kò mọ̀ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run? Ó pa fóònù náà, ó gbé e dojú bolẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

"Níbo ni a dé?"

Àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹẹ́fà."

Ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Lára mi ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé nǹkan mì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá fa bírò kan yọ. Ẹni tó bá di bírò náà mú nìkan ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò fetí sílẹ̀. Èmi ni ó kọ́kọ́ fún. Ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún ọmọ mi.

Mo di bírò náà mú. Mo ní, "Mo ń gbọ́."

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ."

"Òun ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ọmọ mi na ọwọ́, ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sórí tábìlì, kò dì í mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n máa lọ. Ìyá mi pè mí kí n wá kọ́ iṣẹ́ yẹn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ní ta ló tún ń hun aṣọ láyé yìí. Lẹ́yìn tó kú tán, mo jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá ti lọ sí oko. Ìlà kan, àárọ̀ kan. Mo ń wo bí òun ṣe ṣe é, mo ń tú u, mo tún ń ṣe é. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo rò pé bí mo bá hun ún títí, ọwọ́ mi á mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ sun ún." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ rí i pé ọwọ́ mi kò dára tó ti ìyá mi. Ẹ lè pè mí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹ sun ún."

Mo ń wo aago. N kò mọ ohun tí aago ń sọ mọ́.

Mo ní, "Ìwọ ni?"

"Ta ni ẹ rò?"

Ọdún méjì ni mo fi ń ṣọ́ ẹnu mi. Mo ti ṣọ́ ọ jù. Ó bọ́. "Mo rò pé àǹtí rẹ ni."

Àbúrò ìyàwó mi dìde dúró. Mo rò pé yóò sunkún nítorí mo fi ẹ̀sùn kàn án láìṣẹ̀. N kò mọ obìnrin náà rárá.

"Èmi! Ìhunkúhun yẹn ni ẹ pè ní tèmi? Súbúhánà! Èmi tí mo ti ń hun aṣọ kí ẹ tó mọ ọ̀nà ilé wa! Ọmọ mi, má bínú, mo rí ìlà mẹ́ta yẹn kí bàbá rẹ tó gé e, àwọ̀n ìpẹja ni! Mo ní kí n má wí, ọmọ ń kọ́ṣẹ́. Bọ̀dá, ẹ wo ọwọ́ yìí. Ẹ wò ó! Ṣé ọwọ́ yìí ni yóò hun àwọ̀n?" Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi lójú. "Nítorí rẹ̀ ni ẹ ṣe ń dá mi lóhùn bí ẹni tí eyín ń ro láti ọdún méjì? Wáláhì, ká ní ẹ sọ pé mo jí ewúrẹ́, ì bá sàn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá wa, bírò, bírò."

"Ẹ gbé bírò yín jìnnà sí mi!"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ kí ó tó di ẹkún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di inú rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ojú ìwé tó sọ ohun tí a ń ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Kò rí i.

Èmi jókòó, mo sì ń fi ara mi ṣẹ̀sín nínú. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ ní Ìlọrin, mo mọ̀ ọ́n ní àárọ̀ tí mo yọ àdá. Mo mọ̀ pé ìbínú ni. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni ó bí ìbínú náà. Kò sí àwòrán ojú tí n kò lè dárúkọ. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n béèrè pé ta ló hun èyí. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Mo gbà á pé aláìlahùn ọkùnrin ni mí, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí fún un: ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ jù. Wọn kò mọ̀ pé ìwà ọ̀lẹ ni ó ń pọ̀ jù lára ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó rọrùn láti sun nǹkan. Ó rọrùn láti fi iṣu ránṣẹ́.

Mo ní, "N kò mọ̀ pé ìwọ ni. Bí mo bá mọ̀, n kò ní gé e."

Ọmọ mi nu ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Nígbà náà, dúró."

"Ó ti kọjá ọwọ́ mi. Bàbá ọkọ mi ti kun yàrá. Ìyá ọkọ mi ti wá ẹni tí yóò máa wẹ ọmọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé bàbá mi ti sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀, nítorí a ti dé ibi tí ó mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Ó ní bàbá ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ àna. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹbí yóò yan ènìyàn mẹ́ta, wọn yóò mú nǹkan dání, wọn yóò lọ sọ ọ́ bí ó ti yẹ. Òun gan-an yóò ṣáájú wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí a fara mọ́ra kí òun ya fọ́tò wa fún wáàsáàpù ìjọ. Àbúrò ìyàwó mi mú ọmọ mi lọ́wọ́, wọ́n jáde lọ sí ilé rẹ̀. Nínú fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi yà, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, àti tábìlì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní aago mẹ́fà àbọ̀ mo wà ní gáréèjì. Nígbà tí ọmọ mi dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó bá mi nínú ọkọ̀. Ó wò mí. Kò bi mí níbi tí mò ń lọ. Ó jókòó, ó ní, "Ẹ sún díẹ̀, Bàbá, oyún ló wà níbí." Mo sún. Ọ̀nà náà fọ́ wa ní ìbàdí bí ó ṣe máa ń ṣe, ní gbogbo ibi tí kòtò bá ti pọ̀ ó ń di apá mi mú, ó sì ń fi í sílẹ̀ bí a bá ti kọjá rẹ̀.

Ọwọ́ òfìfo ni mo fi wọ ilé àna mi. Iṣu kankan kò sí. Wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú. Mo dúró ní àgbàlá wọn, mo sọ fún bàbá ọkọ ọmọ mi pé mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Mo sọ nípa òfì náà, àdá, iná, ìlà mẹ́ta, àti ẹni tí mo rò pé ó hun ún. Mo ní mo fẹ́ kí ọmọ mi wá bímọ sí Èsìẹ́ bí inú tiwọn bá yọ́ sí i, nítorí mo fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ náà nínú ilé mi. Ó gbà mí ní àsìkò gígùn. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ìyàwó àna mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Haa. Ṣé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ni?" Ọkọ rẹ̀ fi ojú bá a wí. Ó wá ní òun ti kun yàrá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í bàjẹ́ nítorí pé a fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí ọmọ náà simi fún ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra òun yóò wá ọkọ̀ tó dára tí yóò gbé e padà wá bá wa.

Ìyá ọkọ ọmọ mi bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò tíì jẹun. Kò kàn ní sọ fún yín ni."

Mo ní ebi ń pa mí.